Ọba Tí Kò Yẹ Kó Kúnlẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Wọ́n ti sọ mí di ọba àwọn ẹ̀mí èṣù ní Dallas yìí. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, orí ìtàgé ni. Wọ́n dé mi ládé, wọ́n lẹ irunmú mọ́ mi lókè ètè, wọ́n so ìrọ̀rí mọ́ mi níkùn, mo sì di Mahabali, ọba àwọn asura. Asura ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń pe àwọn alágbára inú ìtàn wọn tó máa ń bá àwọn òrìṣà wọn fa wàhálà. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà ńbẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti yọ awò ojú yín, kí ẹ máa nù ún, torí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rín bá ń pa yín tí ẹ ò sì fẹ́ ká mọ̀.

Lata ló kó mi sí i. Ẹ ẹ́ rántí Lata, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà, tó gbé ìrẹsì olómi ọsàn wá fún yín nígbà tí ẹ wà ní ọsibítù, tí ẹ ní ata rẹ̀ mọ ọ̀nà ọ̀fun. Kerala ni òun àti ẹbí rẹ̀ ti wá ní Íńdíà. Lọ́dọọdún ni àwọn ará Kerala ìhín máa ń gba gbọ̀ngàn kan ní Farmers Branch láti ṣe ọdún ọba yìí. Ọdún ọba ni mo wí o, kì í ṣe ọdún òrìṣà tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún yín, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Nígbà ayé Mahabali, ebi kò pa ẹnikẹ́ni, olè kò jà, ẹnikẹ́ni kò purọ́. Ìjọba rẹ̀ tóbi débi pé ara àwọn òrìṣà kò gbà á mọ́. Ni Vishnu, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, bá sọ ara rẹ̀ di arárá, ó wá bẹ ọba pé kó ta òun lọ́rẹ ilẹ̀, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré. Ọba kì í sọ pé kò sí. Ó ní kó gbà. Arárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó ń ga, ó ń ga, ó fi ìṣísẹ̀ kan gba ayé, ó fi èkejì gba ọ̀run, ó wá ń bi ọba pé níbo ni kí òun gbé ẹ̀kẹta sí. Ọba tẹ orí fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tì í wọlẹ̀ lọ. Ojúrere kan ṣoṣo tí ọba rí gbà ni pé kó máa padà wá wo àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to òdòdó sílẹ̀ dè é, tí wọ́n ń se oríṣiríṣi ọbẹ̀.

Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà máa ń wá wò wá láti ọ̀run? Ọjọ́ wo lẹ máa ń wá?

Ọjọ́ tí Lata sọ ìtàn yẹn fún mi, n ò lè jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ojú yín ni mo ń rí. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn èèyàn wa wá máa gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ háyà ní Oak Cliff? Ẹ̀yin lẹ ń gbá a, ẹ̀yin lẹ ń to àga, ẹ̀yin náà lẹ sì ń dán máíkì wò. Ẹ kì í sọ pé hẹ́lò, ikọ́ lẹ máa ń wú sí i. Ni Pásítọ̀ bá dé láti ilé lọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ọmọ tuntun, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun máa lo ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sunday. Ẹ ní kó máa lò ó. A ní kó fìdí hẹ, ó na ẹsẹ̀. Ó gba ìrọ̀lẹ́, ó gba àárọ̀, ó wá kó gbogbo èèyàn lọ. Nígbà tí ẹ la ẹnu pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó gun orí pẹpẹ, ó ní ẹ̀mí Lúsíférì ti wọ àwọn àgbà kan lára, pé ìgbéraga ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Gbogbo ìjọ sì ṣe àmín. Àgbà òṣìkà ni ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tó sì dá a, gbogbo wọn ló sì mọ òwe yẹn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Mọ́mì náà bá wọn lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rẹ́ wọn wà. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Láràárọ̀ Sunday, ẹ ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì yín pé, ẹ ó de fìlà, ẹ ó wọ bàtà, ẹ ó sì jókòó sí pálọ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí bàtà yẹn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Inú ṣì ń bí mi báyìí tí mò ń kọ ọ́.

Mira, ọmọ Lata tó wà ní yunifásítì, ló kọ eré náà. Ìhín ni wọ́n bí i. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tún ìtàn àwọn ẹni ibi àtijọ́ sọ, láti ẹnu àwọn ẹni ibi náà fúnra wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń kọ ti obìnrin asura tí wọ́n gé nímú, ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó dùn ún. Mira ń wá ọba tó ga, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti bẹ̀ mí, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ṣe ẹ̀mí èṣù. Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ti ń pè mí lọ́mọ Lúsíférì tipẹ́. Mo ní kó gbé adé wá.

Bàbá ọkọ Lata ló ṣe arárá. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n, irun wọn funfun báláú. Wọn ò fara mọ́ ohun tí Mira kọ rárá. Lójú tiwọn, ìbùkún ni ẹsẹ̀ tí òrìṣà gbé lé ọba lórí, torí òrìṣà náà ló padà di olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi kò dá sí i, àlejò ni mo jẹ́ nínú ìtàn wọn. Àmọ́ wọ́n gbà láti ṣe é nítorí ọmọ ọmọ wọn. Wàhálà wá bẹ́ sílẹ̀. Bí bàbá arúgbó yẹn bá ti na igbá sí mi pé àwọn wá tọrọ ilẹ̀, orúnkún mi á kàn tẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fà á! Báwo ni n ó ṣe dúró gangan kí àgbàlagbà máa bá mi sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí Mira kọ́ lẹ́nu mi nìyí:

“Auntie, dìde! You're the king!”

Mo kúnlẹ̀ títí a fi rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Nígbà tó yá ni orúnkún gbọ́ràn. Nínú eré Mira, ọba kò tẹ orí. Ó dúró, ó ní, “Tó bá jẹ́ ilẹ̀ mi lẹ fẹ́, ẹ wá bá mi jà. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ jà mí lólè.” Ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí a ṣe eré náà, àwọn àgbà kan pòṣé, àwọn kan ń sunkún. Bàbá arúgbó ní àwọn kò tíì gbà, ṣùgbọ́n wọn ò tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ Pásítọ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé ńlá, wọ́n fẹ́ gbé àwòrán àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ kọ́ ara ògiri. Wọ́n ní tiyín náà lè wà ńbẹ̀, tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, tí mo tọrọ ìdáríjì lórúkọ yín. Mọ́mì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn há mi mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

“Just kúnlẹ̀, kí dádì ẹ lè dé ara ògiri. Ṣé orúnkún ẹ máa já ni?”

Mo lọ. Bí mo ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà, Pásítọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìkíni nìyẹn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí síwájú. Wọ́n ti tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀ fún orúnkún mi.

“Praise the Lord! Ọmọ wa ti dé, she has come to do the right thing,” ni Pásítọ̀ wí, ó sì na máíkì sí mi.

Orúnkún mi fẹ́ tẹ̀, Bàbá. N ò ní purọ́ fún yín. Mo dúró.

“Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá mi ní Oak Cliff, wọ́n sì fún yín. N ò mọ ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ lórí ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àfi tí mo bá kúnlẹ̀ kí àwòrán wọn tó dé ara ògiri yín, ẹ jẹ́ kí ògiri ṣófo.”

Wọ́n pa máíkì. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní “àbíìkọ́.” Ni Mọ́mì bá dìde láti àárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ń bọ̀ wá sí iwájú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀ ni, mo sì mọ̀ pé tó bá jẹ́ àwọn ni, n ò ní lè kọ̀. Wọn ò wò mí. Orí tábìlì ni wọ́n lọ, níbi tí àwòrán yín wà tó ń dúró de ìṣó. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, wọ́n fi ìborùn wọn nu ojú yín, wọ́n sì fi orúkọ tí wọ́n kì í pè níta pè yín, lójú gbogbo ìjọ.

“Àjàní, ó tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Èmi ọmọ yín, tí wọ́n ń pè ní àbíìkọ́ báyìí, tí mo sì nífẹ̀ẹ́ yín púpọ̀.