Ikọ́ Táyé, Ikọ́ Kẹ́hìndé

Ìdòwú ọmọ mi,

Wá ibì kan jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí, má sì kà á níbi tí àwọn ará ọ́fíìsì ti lè rí ojú rẹ. Ọ̀rọ̀ burúkú ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìgbò-Ọrà: àkùkọ wa kò kọ mọ́. Kì í ṣe pé ó ṣàìsàn o. Ikọ́ Táyé ló ń jí àdúgbò báyìí kí ilẹ̀ tó mọ́, àkùkọ rí i pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ó wá ń jẹun lásán bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga ìjọba ní Ìbàdàn ṣubú, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n fa àga náà yọ nídìí yín. Àmín.

O mọ̀ pé wọ́ọ̀dù àwọn oníkọ́ ife ni wọ́n fi ẹ̀gbọ́n rẹ sí láti máa ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Táyé tọrọ aṣọ ìbomú, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní ó wà, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa, ọjọ́ tí kọmíṣánnà bá wá ni wọ́n máa lò ó, kó má baà dọ̀tí. Mo yin obìnrin náà, ó mọ nǹkan tọ́jú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ikọ́ jáde, dókítà ya fọ́tò àyà Táyé, egungun nìkan ló hàn, Ìyá yín ní kí wọ́n tún un yà nígbà tó bá jẹun yó. Wọ́n tún gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Bí o bá pàdé ìgò náà, bá wa tọ́jú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ín.

Dókítà wá sọ fún wa pé ìjọba ní òfin kan: òṣìṣẹ́ ọsibítù tó bá kó àìsàn lẹ́nu iṣẹ́ yóò sinmi nílé, owó oṣù rẹ̀ kò ní dúró, wọn yóò máa fún un ní oògùn àti mílíìkì títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ṣùgbọ́n ìjọba yóò kọ́kọ́ rán ènìyàn wá wò ó bóyá ibi iṣẹ́ ni ikọ́ náà ti wá lóòótọ́. Inú mi dùn, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́. Níbo ni ti Kẹ́hìndé wà nínú òfin yìí? Bí a bá ra bàtà fún Táyé, a ó ra ti Kẹ́hìndé. Nígbà tí mo na Táyé torí pé ó da ọbẹ̀ nù, mo pe Kẹ́hìndé láti oko wá gba tirẹ̀. Ṣé nílùú yìí, tí ìbejì pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ, ni ẹnì kan yóò ti máa dá mu mílíìkì ìjọba? Mo ní kí Kẹ́hìndé, tó ń kọ ebè lọ́nà Ayétẹ̀ láìmí hẹlẹ, máa wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ bí àlejò bá dé, kí ìjọba lè mọ̀ pé méjì ni wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Adéníran ni wọ́n rán wá. Ó jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi rọlẹ̀. Bí Táyé bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, Kẹ́hìndé a wú u lẹ́ẹ̀mejì. Ìdòwú, ikọ́ Kẹ́hìndé dára! Ọkùnrin náà ní, Bàbá Ìbejì, ṣé ó ti pẹ́ tí èyí náà ti ń wúkọ́? Mo ní, sà, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, kò sí ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, ó ní mo ti mú iṣẹ́ òun rọrùn.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Wọ́n ní nígbà tí ènìyàn méjì ti ń wúkọ́ nílé kan, ilé wa ni ikọ́ ti wá, kì í ṣe wọ́ọ̀dù, nítorí náà kí Táyé padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Táyé tí kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé mọ́! Ìyá yín ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ajá. Kẹ́hìndé ní òun yóò lọ dúró ní wọ́ọ̀dù dípò èkejì òun, mo sì mọ̀ pé kò fi ṣeré.

Jọ̀ọ́, lọ bá àwọn ará ọ́fíìsì tó rán ọkùnrin náà wá. Sọ fún wọn pé ikọ́ Kẹ́hìndé kì í ṣe ikọ́, ìwà ọmọlúàbí ni, èmi ni mo ní kó ṣe é. Fi owó oògùn ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ajé tó pé, àti mílíìkì agolo méjì, o mọ ìdí tó fi jẹ́ méjì. Ọlọ́run yóò fi ara líle ṣe ẹ̀bùn fún ọ, ohun tó mú Táyé kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúntọ́lá

Mo da ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọsibítù láàárọ̀ yìí kọ sísàlẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ tiwa wà nínú rẹ̀.

ÌKÉDE. A fi ń tó gbogbo ènìyàn létí pé Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, tó kó ikọ́ ife nígbà tó lọ ṣèwádìí nílé òṣìṣẹ́ kan, ti wà nílé báyìí pẹ̀lú owó oṣù, oògùn àti mílíìkì, nítorí ẹnu iṣẹ́ ló ti kó o. Kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù oníkọ́ ife fọkàn balẹ̀: kò sí ewu ikọ́ ife níbẹ̀.