Akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́ Sitíárìn

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Ọ̀wàrà

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́: ẹsẹ̀ Bàbá nínú sálúbàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Páálí pupa kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú páálí, ike dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, ẹsẹ̀ irin tín-ín-rín mẹ́rìndínlógún, bọ́tìnnì kan, gílóòbù mẹ́ta bí ojú eku. Ihò kan lábẹ́ sitíárìn. Iná yẹ́lò tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì lórí dáṣìbọ́ọ̀dù — ó ti ń tàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rín lẹ́nu Bàbá. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yìn ń dun Bàbá, kò lè tẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Èmi ló ní kí n kì í bọ ihò. Mo kì í. Ó tan pupa, ó tan búlúù, ó tan gíríìnì.

Kí nìyí, sà? Ó ní ṣíípù ni. Ó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni yóò fi kọ́ ọ. Tó bá mọ̀ ọ́n tán, epo tí ọkọ̀ ń mu á dín, agbára rẹ̀ á lé sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kó tó pé o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní — bí ẹni tó mumi lọ́sàn-án ààwẹ̀.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Gbádébọ̀ ni, láìku ẹyọ kan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okokomaiko ni mo ti ń tajà: rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀, lọ́fínńdà, fèrè. Ọjọ́ tí mo gbàyè ni Bàbá yọ́ lọ rà á. Kò bi mí.

Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún méjì rèé tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Òun wọlé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì ṣe ìdánwò àṣewọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Aago márùn-ún ìdájí. "Bàṣírátù! Wá wò ó. Ṣé ó ń tanná?" Ó ń tanná, sà. "Àlùhàmúdùlíláì."

Ọkọ̀ ń gbọ̀n.

Ọjọ́rú, 8

Orúkọ Ọ̀gá Gbádébọ̀ nínú ìwé yìí ni Ẹlẹ́rìí. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. Fún ti aago mẹ́sàn-án, àna rẹ̀ ki ṣíípù bọ ọkọ̀, ó fi àbọ̀ táǹkì epo lọ sí Ìbàdàn, ó sì bọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àna náà ti dé Ìlọrin. Aago mẹ́rin, ó ti kọjá Jẹ́bà — àbọ̀ táǹkì yẹn náà ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin yẹn ì bá ti wọ aṣálẹ̀.

Ẹnì kan dá tirẹ̀ padà. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí wò ó bíi dókítà. "Ẹsẹ̀ líle lẹ fi ń wakọ̀. Ìwà yín ló ń kọ́ o! Ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ náà ló mọ̀." Ọkùnrin náà tọrọ gáfárà. Ó tún ra lọ́fínńdà.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìí lọ jẹun, mo tú èyí tí wọ́n dá padà. Gílóòbù mẹ́ta. Bọ́tìnnì. Nǹkan dúdú wínní kan tó ń mú gílóòbù ṣẹ́jú. Ó tán. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún, méjì ló kan nǹkan: méjì tó ń gbé iná wá fún gílóòbù. Mẹ́rìnlá yòókù kàn dúró síbẹ̀, bí ẹni tó wá jẹun níbi òkú tí kò mọ olóògbé.

Mo dé e padà. Ẹlẹ́rìí dé, ó nù ún, ó tún un tà.

Ọjọ́bọ̀, 9

Mùtíù ni mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá gáréèjì wa ní Ìbà, nítòsí ẹnu ọ̀nà Housing Estate. Ó gbọ́ ohùn ọkọ̀, ó sáré jáde. "Bàbá Bàṣírátù, ọkọ̀ yín ń gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa. Ẹ jẹ́ kí n ki sìkánà bọ̀ ọ́, kó sọ ohun tó ń ṣe é fún wa."

Ihò kan náà ni sìkánà ń wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló jókòó síbẹ̀.

Bàbá ní, "Kó o wá ba ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ fún mi?"

"Sà, aláìsàn fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fọwọ́ bò ó lẹ́nu."

"Ẹ̀yin mẹkáníìkì ò lè fẹ́ràn ṣíípù. Bí ọkọ̀ bá yá, kí lẹ fẹ́ jẹ?"

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Mùtíù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó pè mí sẹ́yìn. Ó ní bí iná yẹ́lò yẹn bá tàn tí kò ṣẹ́jú, àyè ṣì wà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ká páàkì níbi tó bá wa dé, torí ẹ́ńjìnnì ló ń lọ yẹn.

Ọkọ̀ yẹn ni oúnjẹ wa. Òun náà ni owó iléèwé àwọn àbúrò mi. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Bàbá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, ó wọlé lọ kí Jímọ̀. Kò sí ìgbà mìíràn lọ́sẹ̀ tí ọkọ̀ yẹn ń dúró lójúmọmọ. Màámi fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Kò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. "Má jẹ́ kó pẹ́ o."

Mùtíù ti lọ kírun tirẹ̀ ní mọ́sálásí tó máa ń tètè parí. Mo yọ Akẹ́kọ̀ọ́. Sìkánà wọlé, ó sọ̀rọ̀: púlọ́ọ̀gì kẹta ti kú, kọ́ílì orí rẹ̀ ti jóná. Owó tí mo ń tọ́jú fún fọ́ọ̀mù àṣewọlé ló ra méjèèjì. Nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Lèmọ́mù ń wàásù lórí òtítọ́. Èmi di tọ́ọ̀ṣì mú, mi ò wo apá ibẹ̀.

Mùtíù tan ọkọ̀. Kò gbọ̀n. Iná yẹ́lò kú. Wọ́n ti ń sálámà, àwọn èèyàn ti ń wá bàtà wọn. Mo sọ Akẹ́kọ̀ọ́ sínú báàgì mi, mo sá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

"Bàṣírátù! Ṣé ó ń tanná?"

Mo wo abẹ́ sitíárìn. Ihò òfìfo. Ó wò mí, mo wò ó.

Ó ń tanná, sà.

Báàgì mi wà léjìká mi.

Ọjọ́ Ajé, 13

Bàbá ti di oníwàásù. Ní gáréèjì: "Kò tíì jáde ẹ̀kọ́ o! Ẹ wo bó ṣe ń fò! Iná yẹ́lò fúnra rẹ̀ ojú tì í, ó kú." Awakọ̀ mẹ́fà ti wá ra ṣíípù. Ọláṣùpọ̀ wà nínú wọn — òun tó ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ní ṣé Bàbá ti ń sanwó iléèwé fún ike báyìí.

Ẹlẹ́rìí ń pe Bàbá ní Àlájì. Bàbá ò tíì rí Mẹ́kà, Jẹ́bà gan-an ló jìnnà sí i. Àna Ẹlẹ́rìí ti ń sinmi nílé báyìí. Bàbá ló kù tó ń rìnrìn àjò lẹ́nu Ẹlẹ́rìí.

Mo fẹ́ sọ fún un. Ó ń wẹ̀, ó ń kọrin. Láti Iléyá mi ò tíì gbọ́ kó kọrin. Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ọjọ́rú, 15

Ó ń tanná, sà.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo wọ ọkọ̀ Ọláṣùpọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo jókòó níwájú. Iná yẹ́lò rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi. Mo rí i.

"Bọ̀dá, iná yín."

"Fi í sílẹ̀ jàre. Ó ń kàwé ni. Ti bàbá ẹ náà tàn kó tó kú."

Mùtíù ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó yọ ṣíípù. Ọláṣùpọ̀ ní, "Ìdírísù ò yọ tiẹ̀. Ṣé èmi wá ni olórí burúkú tó máa yọ tèmi?"

Ìdírísù ni orúkọ Bàbá. Irọ́ mi ló wà lábẹ́ sitíárìn ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ẹlẹ́rìí wá sí gáréèjì wá ya fídíò. Súùtù nínú oòrùn. Ó dé fìlà tuntun lé Bàbá lórí. Gbogbo awakọ̀ tò yí ọkọ̀ wa ká.

Bàbá sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́. Ó ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lára bí ẹni ń rọ ẹṣin. "Èmi Ìdírísù, ogún ọdún lórí sitíárìn. Nǹkan yìí ò parọ́." Ẹlẹ́rìí ní, "Àlájì, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe ń tanná." Bàbá ní, "Bàṣírátù, fi hàn wọ́n."

Mo kúnlẹ̀. Fóònù Ẹlẹ́rìí tẹ̀ lé mi. Báàgì mi ṣí díẹ̀. Ìka mi ti kan Akẹ́kọ̀ọ́. Kí n kàn kì í bọ̀ ọ́. Bàbá á máa jẹ́ Àlájì lọ, èmi á wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbójú sókè. Ojú Ọláṣùpọ̀ ni mo bá pàdé: ó na ọrùn bí ọmọ iléèwé tó ń wo ìdáhùn nínú ìwé ẹlòmíì.

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbí, sà."

"Tẹ bọ́tìnnì rẹ̀."

"Inú báàgì mi ló wà, sà. Láti Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Mo fà á yọ. Mo sọ ti púlọ́ọ̀gì, mo sọ ti kọ́ílì, mo sọ ti ẹsẹ̀ méjì nínú mẹ́rìndínlógún. Ohùn mi kéré, síbẹ̀ gbogbo wọn gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. "Ìdírísù! Ìwọ lò ń fò láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe ọkọ̀!" Ọláṣùpọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ fa tirẹ̀ tu bí ẹni fa eyín, ó ń pariwo Mùtíù. Mùtíù ní ká ní ó tún lo ọjọ́ díẹ̀ sí i, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni ì bá wá gbé ẹ́ńjìnnì yẹn.

Ẹlẹ́rìí ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kó tó lọ, ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí Bàbá.

Bàbá wà wá délé. Ọkọ̀ ò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló burú. Nílé: "Ta ló ní kó o tú ọkọ̀ mi nígbà tí mo wà níwájú Ọlọ́run?" Kò jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Aago márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo jí síbẹ̀.

Fídíò ti jáde. Orí Wọ́sáàpù gbogbo ayé ló wà. Ẹlẹ́rìí ti gé e: Bàbá nínú fìlà — "Nǹkan yìí ò parọ́" — èmi ń kúnlẹ̀ — lẹ́yìn náà pupa, búlúù, gíríìnì ń ṣẹ́jú wìnnìwìnnì. Rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ iná yẹn pupa. Tiwa dúdú ni. Ohùn mi ò sí níbẹ̀ rárá.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ti gboyè.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ìpè àkọ́kọ́, ó wò ó títí tó fi kú. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Agbárá. Ó gbé e. A gbọ́ ọ yíká yàrá: "Ìdírísù, mo rí ẹ o! Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Mo fẹ́ ra méjì."

Bàbá la ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló kù kó sọ, kí iyì rẹ̀ padà. Ó na fóònù sí mi láìwò mí. "Ọmọ mi ló tú u wò. Bàṣírátù, sọ fún wọn."

Mo sọ. Ìpè dé láti Ìjànikin, mo sọ. Láti Badagry. Láti Ìlọrin — àna tiwa, àna gidi. Bàbá jókòó tì mí, ojú rẹ̀ lára ògiri. Bí mo bá fo nǹkan kan kọjá, á ní, "Sọ ti ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn." Màámi gbé omi gbígbóná wá fún ọ̀fun mi.

Kò dúpẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìpè dá, ó dìde, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. "Láago márùn-ún, wá bá mi wo táyà."

Ohùn mi ti há pátápátá. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo tó dùbúlẹ̀.