Fọ́ọ̀mù Tèmi Nìkan Ló Kù

Agbowó, Ìbàdàn
Oṣù Kẹta, 1987

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ara wa le. Kọ̀ǹpútà owó oṣù àwọn ṣọ́jà ti dé ọ́fíìsì wa, èmi ni mo sì ń to gbogbo orúkọ sínú rẹ̀ láti inú fọ́ọ̀mù tí kálukú kọ ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá rẹ̀ sí. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹ rántí pé ẹ bá mi dín ọjọ́ orí kù ní kóòtù kí ṣọ́jà lè gbà mí. Lórí ìwé, Akínbíyìí àbúrò wa, ọmọ ìyá wa kan náà, tí òun náà jẹ́ ṣọ́jà, fi oṣù mẹ́ta ṣàgbà mi. Inú ẹ̀rọ yìí ni fáìlì àwa méjèèjì ti máa kọ́kọ́ pàdé. Bóyá ó ti yẹ kí n jẹ́wọ́ tipẹ́.

Ọ̀gá mi bi mí lánàá pé, “Àjàgbé, fọ́ọ̀mù tìẹ dà? Àbí o ò fẹ́ gbowó ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Ó fún mi láyè di Mọ́ńdè.

Ẹ bá mi kí Màmá. Bí àlejò bá dé láti ọ́fíìsì wa, ẹ má jẹ́ kí Màmá sọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí nínú èmi àti Akínbíyìí.

Àbúrò yín,
Àjàgbé