Ẹ́ńjìnnì Tó Lè Gun Òkè Wa

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń rán àga ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ṣé o ń jẹun láàárọ̀ kí o tó jáde? Àwa náà wà dáadáa níbí, àyàfi àníyàn, ìyẹn sì ti di ará ilé lọ́dọ̀ mi, bí kò bá sùn níbí lálẹ́ mi ò ní mọ ohun tí mo máa fi ojú mi ṣe. Mo bẹ Ọlọ́run kí abẹ́rẹ́ máṣíìnì má gún ọ lọ́wọ́, kí o má pàdé ẹni tí yóò máa rẹ́rìn-ín sí ọ tí ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú àpò rẹ. Bàbá rẹ kí ọ. Àbúrò rẹ tó wà lẹ́yìn mi náà kí ọ, òun ló fa bírò tí ìlà gígùn yẹn fi wà lókè ìwé, má rò pé mo kọ nǹkan tí mo wá fagi lé e.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù nípa ọkọ̀ oníyàrá tí o rà ní àlòkù, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù àti fèrèsé oníkọ́tìnnì. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o ti ra ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn nínú rẹ̀, àyà mi já, mo ní onílé ti lé ọmọ mi síta nìyẹn. Ìgbà tí o wá ṣàlàyé pé torí Màmá àgbà ni, pé ìbàdí wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó nínú bọ́ọ̀sì, pé wọn yóò na ara wọn gbalaja nínú tìrẹ títí dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún. Bàbá rẹ ní kí ló ṣe mí, mo ní àlùbọ́sà ni. Wọ́n wò yíká, wọ́n ní àlùbọ́sà ọ̀hún dà.

Àwòrán ẹ́ńjìnnì méjèèjì tí o ní kí a bá ọ wò, kí o lè fi ọ̀kan rọ́pò èyí tó ti kú nínú ọkọ̀ náà, ti dé. Mo yí fóònù sẹ́yìn kí n lè rí ẹ̀yìn wọn, àmọ́ ẹ̀yìn fóònù nìkan ni mo rí, o gbàgbé láti ya ẹ̀yìn wọn. Ká sọ òótọ́, ojú kékeré yẹn wù mí, ó mọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ńlá yẹn dọ̀tí, ó sì fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo fi han wẹ́dà tó ń jó irin lábúlé wa, ó ní kí n má fi ojú yan ẹ́ńjìnnì o, pé tó bá jẹ́ ojú la fi ń yan nǹkan ni, ìyàwó òun ì bá má fẹ́ òun.

Ohùn tí o gbà sílẹ̀ fún Màmá àgbà, mo gbé e sí wọn létí. O ní Màmá ẹ kú ilé o, wọ́n dá ọ lóhùn, wọ́n ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ìwọ ò tilẹ̀ dúró, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Inú bí wọn. Wọ́n ní ìlú ńlá ti sọ ọ́ di ẹni tí kì í jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán. Mo ní Màmá, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. Wọ́n ní ta ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa sọ ọ̀rọ̀ àná lónìí. Jọ̀ọ́, nígbà mìíràn, tí o bá ti kí wọn, dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n dáhùn tán, kí o tó máa bá a lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. O ní mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé kékeré yẹn tó. Ó ní lófìfo ni ọkọ̀ yóò gun òkè wa wá, ìwọ nìkan lo máa wà nínú rẹ̀, tí Màmá àgbà bá sì ti wọlé, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù, ìsọ̀kalẹ̀ ò sì ní kí ẹ́ńjìnnì làágùn. Ó ní kékeré kì í mu epo, pé ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ lè fi ra táyà. Mo kà á, mo tún un kà, mo ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyí. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. O mọ̀ mí, bí òjò ò bá rọ̀, èmi á ní ó ń kóra jọ ni. Ìwọ náà ò sì lè ti gbàgbé òkè wa, ibi kọ́nà ògiri ilé ìwé yẹn, tí ọkọ̀ oníbúrẹ́dì máa ń ké bí ewúrẹ́ ní àràárọ̀.

O ní iye ẹṣin ni wọ́n fi ń sọ bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe tó. Mo mọ̀, èmi náà dé kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ fisíìsì, olùkọ́ wa sọ ọ́. Àmọ́ ẹṣin ibo? Ẹṣin tí wọ́n fi ṣírò yẹn, ṣé ó ti gun òkè wa rí? Àwa ò ní ẹṣin lábúlé yìí. Kétékété kan ṣoṣo tó wà, ẹni tó ni ín ti tà á. Mo wá rò ó pé ènìyàn la ní, ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn wọ̀n ọ́n. Tí a bá mọ iye ènìyàn tó lè ti ọkọ̀ gun òkè yẹn, ìwọ àti mẹkáníìkì rẹ ẹ lè yí i padà sí ẹṣin lọ́hùn-ún, ẹ̀yin lẹ ní kọ̀ǹpútà.

Oníbúrẹ́dì yá wa ní ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ kan bẹ́ẹ̀dì pákó kan sínú rẹ̀, kó bá ti inú ọkọ̀ rẹ mu. A gbé àpò iyanrìn sí ipò sítóòfù, a gbé kẹ́ẹ̀gì omi sí ibi tí o ní sínkì wà. Mo ní kí Màmá àgbà jókòó sílé, mo ní ìgòkè ò kàn wọ́n, ìsọ̀kalẹ̀ ni tiwọn. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn gbé tìmùtìmù àwọn wá. Nígbà tí mo fi máa mú un dé, wọ́n ti fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ní kí ẹnì kan gbé àwọn sókè, oníbúrẹ́dì sì wa ọkọ̀ náà lọ sí ìdí òkè kí a lè máa tì í bọ̀.

Ọmọ mi, ó yẹ kí o rí wa. Bàbá rẹ wà lẹ́yìn, wẹ́dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Télọ̀ fi ọwọ́ kan ti ọkọ̀, ó fi èkejì di ṣòkòtò funfun rẹ̀ mú kó má baà kan eruku. Ọ̀gá ilé ìwé gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà fún un, wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo wa. Oníbúrẹ́dì jókòó síwájú, ó ní òun ló ń darí. Wẹ́dà ní kó sọ̀ kalẹ̀ jàre, pé ikùn rẹ̀ nìkan tó àpò iyanrìn méjì. Oníbúrẹ́dì ní ikùn wẹ́dà fúnra rẹ̀ ńkọ́, tó kún fún búrẹ́dì gbèsè òun. A rẹ́rìn-ín, a tì í, a tún tì í, títí a fi dé kọ́nà ilé ìwé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ní òun ò lọ mọ́. A sáré fi òkúta há táyà. Gbogbo wa ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ni Màmá àgbà bá kan fèrèsé. Wọ́n ní ìyàwó, wá. Mo ní Màmá, ṣé ìbàdí ni? Wọ́n ní ìbàdí kọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, àwọn ń fetí sílẹ̀. Àwọn ti gbọ́ bí ọkọ̀ yóò ṣe gòkè wá lófìfo. Àwọn ti gbọ́ bí yóò ṣe gbé àwọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní àgbá òfìfo gan-an, bí a bá tì í láti òkè yìí, yóò dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ẹ ti ṣírò àlọ mi, ta ló ṣírò àbọ̀ mi?

Ọ̀gá ilé ìwé bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún. Bàbá rẹ kọjú sí ògiri. Ó wá yé mi ìdí tí Màmá ò fi tíì di ẹrù kankan láti ìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀, tó jẹ́ pé inú mi ń bí sí wọn pé wọn ò mọ oore. Wọ́n rò pé a fẹ́ gbé wọn lọ sílùú kí a sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ ni. Mo sì mọ̀ pé kò sí nínú ọkàn rẹ, kò sí nínú ọkàn ẹnikẹ́ni wa. Ṣùgbọ́n a ò ṣírò ẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo wa kà á, gbogbo wa ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Bàbá rẹ fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà, wọ́n ní ó yá, Màmá ń lọ sílé. Télọ̀ fi ṣòkòtò sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Oníbúrẹ́dì ṣí ilẹ̀kùn níbi tó jókòó sí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀ láti ràn wá lọ́wọ́. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì sáré jáde, àwọn tó ń kọjá lọ gbé ẹrù wọn kalẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé fo ògiri, èmi náà tì í pẹ̀lú àbúrò rẹ lẹ́yìn mi. A gbé wọn dé òkè. Mo fẹ́ ka àwọn tó tì í gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pinnu, mi ò rí wọn kà, torí ẹni tó tì í wà, ẹni tó fà á wà, ẹni tó kàn ń pariwo náà wà, kò sì sí èyí tí mo lè yọ. Nítorí náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo abúlé. Sọ fún mẹkáníìkì rẹ pé ẹ́ńjìnnì tó lágbára bíi gbogbo abúlé la fẹ́, kó bá wa ṣírò iye ẹṣin tí ìyẹn jẹ́.

Ńlá yẹn ni kí o rà. Bó bá dọ̀tí, fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Bó bá ń mu epo, jẹ́ kó mu, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mu. Bàbá rẹ ní bí ihò tó wà níwájú ọkọ̀ ò bá gbà á, kí o má bẹ̀rù, àwọn máa gbé irinṣẹ́ káfíńtà àwọn wá, àwọn á fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Jọ̀ọ́, wo bíréèkì náà, torí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Nípa owó, má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wa lóṣù yìí, kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, bọ́ńpà oníbúrẹ́dì já mọ́ wa lọ́wọ́, wẹ́dà ní òun á jó o lọ́fẹ̀ẹ́, irin tí òun á fi jó o ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bàtà bàbá rẹ náà ti lanu. Àbúrò rẹ sì ń húkọ́. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ o. Àfi tó bá wà.

Màmá àgbà ti di ẹrù wọn. Àpótí kékeré kan ni, wọ́n ní kí ọkọ̀ má baà wúwo nígbà tó bá ń bọ̀. Wọ́n ti àga wọn mọ́ ògiri, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e títí àwọn á fi dé.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní àlọ, yóò ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Bí o bá gòkè, o ò ní yọ̀ sẹ́yìn. Ibi tí agbára tìrẹ bá ti pin, wàá rí ẹni bá ọ tì í.

Èmi ni ìyá rẹ, tí eruku ọkọ̀ títì ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.