Ìwé Àṣẹ Ọkọ Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, kọ́kọ́ jókòó. Mo ti lọ́kọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, mo sì fi pa mọ́ fún ọ nítorí pé ojú ń tì mí, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Baba Elégbòogi òdìkejì ọ̀nà wa ni. Inú mi dùn débi pé iyọ̀ ni mo bù sínú tíì láàárọ̀ yìí, ó sì mu ún tán. Ara rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní àjò.

Ọmọ mi, ìjọba ti ṣòfin pé ẹni tó bá ń fi ewé àti egbò tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti ilé ìtọ́jú rẹ̀ pa. A jọ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Fọ́ọ̀mù náà tó ojú ewé mọ́kànlá. Wọ́n béèrè orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tí ọmọdé lè mu, àti irú àìsàn tó gbọ́dọ̀ darí sí ilé ìwòsàn kíákíá. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀, akọ̀wé sì lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i. Obìnrin tí kò mọ̀wé kọ rí. Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Ọkọ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Akọ̀wé ní òfin kò gbà kó pe ara rẹ̀ ní dókítà. Àyà mi já, nítorí ìyàwó dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo gba ojúlé dé ojúlé, mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fẹnu kó mi sẹ́wọ̀n. Aránṣọ béèrè pé kí ni kí wọ́n wá máa pè mí. Mo ní Ìyàwó nìkan ti tó, ó sì dùn létí mi jù.

Wọ́n tún ní lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé àṣẹ á kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á tún yẹ ẹ́ wò. Mo sáré wálé, mo yẹ tinú tẹ̀yìn ìwé ìgbéyàwó wa wò, n kò rí ọjọ́ ìparí kankan. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ti ìyẹn, ìwọ lò ń fún mi ní ìdánwò láràárọ̀."

Àbẹ̀wò tí àwọn ìjọba máa ṣe sí ilé ìtọ́jú rẹ̀ ló kù báyìí, bó bá sì kùnà, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún parí nìyẹn. Wọ́n ní kí ẹni mẹ́ta tó ti wò sàn wà níbẹ̀. Mo rò ó pé bí mẹ́ta bá tó, ogójì á dára jù, mo sì ti ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ìwọ tó wo ikọ́ rẹ sàn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Jọ̀wọ́, fi owó ìgò tuntun tí a ó máa rọ àgbo sí ránṣẹ́, wọn kò gba ìgò ọtí mọ́. Ọ̀nà á là fún ọ, ẹnu rẹ á sì gba ọ̀rọ̀ níwájú wọn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀, nítorí náà kí gbogbo yín ti wọlé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀.