Lẹ́tà Tí Mo Fi Lé Àwọn Ọmọ Kúrò Lọ́gbà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ orí afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Òkè òkun ni mo ti kàwé. Láti ìgbà tí mo ti dé, ọ̀sán gbogbo ni èmi àti ìyá àgbà mi máa ń jókòó lábẹ́ igi nínú ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò. Wọn a máa kọ́ mi ní Yorùbá títí oorun yóò fi gbé wọn lọ, tí ewé yóò máa já bọ́ sí wọn léjìká jẹ́jẹ́.

Mo rò pé àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu, ni mo bá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ọgbà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo fi Yorùbá kọ láyé mi nìyẹn. Ó dùn débi pé alága kà á sókè nípàdé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fòfin de bọ́ọ̀lù gbígbá.

Ọgbà wá pa lọ́lọ́, ìyá àgbà ò sì rí oorun sùn mọ́.

"Ariwo àwọn ọmọ yẹn ni orin tí mo fi ń sùn," ni wọ́n wí. "Ẹni tó lé wọn, kó wá máa pariwo fún mi!"

Wọn ò mọ̀ pé èmi ni.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà ni, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bẹ ìgbìmọ̀? Lẹ́tà mi kejì rèé. Ẹ bá mi ṣe é kó tún ti àkọ́kọ́ ṣe.