Àwọn Mọ́sálásí Inú Fóònù

Òkè-Oyì, lẹ́yìn ìrun àláásárì

Habibullah, Àlàó mi,

Àsàlámù àláékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Sadiya ìyàwó rẹ ńkọ́? Sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ kí i, pé kó má jẹ́ kí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù Àbújá yẹn mú àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé tí o ń ṣe, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ilé tí o bá sì yà, kò ní wó lu ọmọ ẹnikẹ́ni lórí. Èmi náà wà, alihamudu lílàì. Orúnkún ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún kì í ṣe ìròyìn mọ́.

O máa ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti bá fóònù náà sọ̀rọ̀ títí. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, mo kí ọ, mo dákẹ́ kí o lè dáhùn, o ò dáhùn, mo tún bẹ̀rẹ̀. Hàlímọ̀tù tó ń ta gààrí létí títì ní ohùn mi kò lọ rárá, pé mo ti gbé ọwọ́ kúrò kí n tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀, àdúà tó gùn ni mo ṣe síbẹ̀, n ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ.

Àwọn àwòrán mọ́sálásí tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní kí n mú èyí tó wù mí, kí o fi rọ́pò mọ́sálásí alámọ̀ tí bàbá rẹ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa kó tó kú, nítorí òjò ọdún yìí ti mú ògiri rẹ̀ lọ lápá kan. Mo gbọ́. Mo ṣe àlùwàlá kí n tó ṣí fóònù náà, mo bọ́ sálúbàtà, mo fi ìborùn bo orí. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni mo fi wọlé, ti òsì ni mo fi jáde. Hàlímọ̀tù rẹ́rìn-ín títí tó fi da gààrí sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé torí ilé Ọlọ́hun kéré, kì í ṣe ilé Ọlọ́hun mọ́ ni?

Mo wò wọ́n dáadáa. Ti ilẹ̀ Tọ́kì, òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì, ńlá láàárín, kéékèèké láyìíká, bí igbá tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ. Ilé gogoro mẹ́rin ló yí i ká, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ṣé ládànì mẹ́rin ló ń pèrun lẹ́ẹ̀kan náà ni? Ti Ìránì, táìsì búlúù ni látilẹ̀ dókè, òdòdó lórí òdòdó, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa nù ún? Orúnkún mi ni mo rò. Ti Mòrókò ní àgbàlá àti omi láàárín. Ewúrẹ́ Hàlímọ̀tù á mu omi náà tán ká tó ṣe àlùwàlá. Ti Ṣáínà, mo kọ́kọ́ kọjá lára rẹ̀, mo rò pé ilé oúnjẹ ni, torí kò sí rìbìtì lórí rẹ̀, etí òrùlé rẹ̀ sì ká sókè bí fìlà abetí-ajá. Hàlímọ̀tù ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, ó ní mọ́sálásí ni. Mo ní àsítágífúrúláì. Mo wá rí i pé aṣọ ìlú tí ilé Ọlọ́hun bá wà ló ń wọ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì kọjú sí.

Ti Málì ló mú mi jókòó. Amọ̀ ni, Àlàó, amọ̀ bíi tiwa, igi yọ lára ògiri rẹ̀. Mo rò pé mọ́sálásí bàbá rẹ ni, tí fóònù sọ di ńlá. Àwọn ọkùnrin gùn ún, wọ́n ń fi amọ̀ tútù rẹ́ ẹ, àwọn obìnrin ń ru omi, àwọn ọmọdé wà nínú ẹrẹ̀. O ní lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde rẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà kọ́ là ń ṣe nígbà ayé bàbá rẹ? Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, gbogbo yín á wá po amọ̀, ìwọ lo máa ń kó o sórí bí fìlà. N óò máa pariwo lé ọ lórí, inú mi á sì máa dùn.

Ó wá ku èyí tí ìwọ fúnra rẹ yà, oní-simẹ́ńtì. O ní tí a bá ti kọ́ ọ, a kọ́ ọ tán, kò ní nílò rírẹ́ láéláé. Àwọn èèyàn tó wà níwájú rẹ̀ ni mo rí, àwọn ọkùnrin nínú aṣọ funfun, obìnrin kan tó fa ọmọ lọ́wọ́. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n ti ń bọ̀ wá bá wa kírun ni. Mo gbá yàrá ẹ̀gbẹ́, mo sá ẹní, mo tẹ́ ẹ, mo pọn omi. Mo bèèrè wọn káàkiri Òkè-Oyì, mo tilẹ̀ bi àwọn ọlọ́kadà bóyá wọ́n ti gbé wọn rí. Ìgbà tó yá ni Hàlímọ̀tù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kọ̀ǹpútà ló ń fi èèyàn síwájú ilé kí ilé má baà dà bí ahoro. Mo padà wá ká ẹní náà.

N kò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí. Bàbá Shehu, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń bá mi kírun níbí, ti lọ, ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ sí Basin ní Ìlọrin. Òun ló ń pèrun, òun náà ló ń ṣe lèmọ́mù, èmi ni mò ń ṣe àmín lẹ́yìn ògiri. Ní báyìí mo ṣì ń gbá inú mọ́sálásí, mo ṣì ń rọ omi sínú àwọn kẹ́tù àlùwàlá. Tí ilẹ̀ bá ṣú, màá da omi náà sídìí máńgòrò.

Ti amọ̀ ni mo mú. Má bínú, mo mọ̀ pé o fẹ́ kí iṣẹ́ bàbá rẹ pẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ́ èyí tí kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́, kí ni yóò tún máa mú ọ wálé? Ti amọ̀, òjò á máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, ẹ ó sì máa wá rẹ́ ẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Owó mọ́tò láti Àbújá dé Ìlọrin ni mo ń tọrọ, àti ti ọkadà tó máa gbéni dé Òkè-Oyì. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì. Ẹ̀rọ wọn bi mí ní nọ́ńbà tí o ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì sọ fún un. Àpò ara rẹ ni kí o fi owó náà sí. Awakọ̀ ni kí o fún.

Ọlọ́hun tó mú ọ lọ ní àlàáfíà á mú ọ bọ̀ ní àlàáfíà, ìwọ àti gbogbo ilé rẹ. Òjò ti ń dáwọ́ dúró níbí. Mo ti tún ẹní yẹn tẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Binta